Aṣọ Tí Afẹ́fẹ́ Wọ̀

Ní ilé tí Wúyẹ́ gbé dàgbà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló ni ṣọ́ọ̀bù aláró tó wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé ṣòkòtò tó ti ṣá wá, àti kóòtù tí oòrùn ti jẹ ní èjìká, àti aṣọ ibùsùn tí ọṣẹ ti bó láwọ̀, kí ó bá wọn pa á láró padà. Láti kékeré ni Wúyẹ́ ti ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, tí á máa wo bí aṣọ ṣe ń rì sínú omi dúdú, tí á sì jáde bí ẹni tó sùn tó lọ jí sí ayé mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ jù lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ ni pé, "Aṣọ tó bá dú, ara rẹ̀ le. Èyí tó bá ṣá, àìsàn ló ń ṣe é."

Wúyẹ́ kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri. Ariwo ilé ìwé dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ni Tíṣà tó ń gbé lókè ilé bá ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ fóun. Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò, lórí tábìlì kan tí wọ́n fi páálí ki ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó má baà máa mì. Òun náà ló ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yìí fi máa di ọ̀dọ́bìnrin tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, àyà Tíṣà ti di fèrè.

Ikọ́ fée ló ń ṣe é. Bí èéfín ọkọ̀ bá ti fẹ́ sí i, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èjìká á máa gòkè. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé, kò tíì sọ̀kalẹ̀ kọjá àtẹ̀gùn ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí omi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò sọdá, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí òun àti olóògbé ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, kó máa gbọ́ bí omi ṣe ń lá òkúta létí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé yín sínú mọ́tò ká gbé yín débẹ̀," Ìyá Àgbà á pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Ṣé ẹrù ni mí ni? Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi lọ."

"Ẹsẹ̀ yín ò ṣàìsàn, Tíṣà. Fèrè inú àyà yín là ń sọ."

"Ìyá Aláró, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa fọn fèrè mi. Ọwọ́ tiyín tó dú dé ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ta ló bi yín léèrè bóyá ẹ wẹ̀?"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Tíṣà á di ikọ́, ikọ́ á di súfèé, gbogbo ilé á sì dákẹ́ títí á fi lọ sílẹ̀. Wúyẹ́ á wà lórí àpótí rẹ̀ nísàlẹ̀, á dijú. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun ni òun máa wá ọ̀nà etí omi yẹn fún Tíṣà.

Ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Ọ̀gá Kíá ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sóhun tí kì í fẹ́ kíá. Ọ̀gá Kíá ti so àwọn àpótí kéékèèké kan mọ́ òpó iná káàkiri ìlú. Imú ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ imú kọ̀ọ̀kan ni kó máa fa afẹ́fẹ́ àdúgbò tó bá wà, kó mọ bí eruku àti èéfín inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Àwọn nọ́ńbà náà ń rọ́ wọlé bí òjò, ṣùgbọ́n ta ló ń mí nọ́ńbà? Iṣẹ́ Wúyẹ́ ni pé kó sọ wọ́n di ohun tójú lè rí: áàpù tí èèyàn á ṣí lórí fóònù, tí á fìka kan ìgboro, tí ìgboro á sì dá a lóhùn.

Ọ̀sán ni ohun tó fẹ́ ṣe máa ń hàn sí i jù, nígbà tí Ọ̀gá bá gbé àkàbà jáde pé òun ń lọ nu imú ìlú, tí oòrùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ojú rẹ̀ á wà lára kọ̀ǹpútà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti jáde lọ. Ó ń rìn lórí òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kan páànù. Gbogbo ìlú nà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó sùn, afẹ́fẹ́ sì ni aṣọ tí wọ́n dà bò ó. Ó ń rí ibi tí aṣọ náà ti nípọn, tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú aró. Ó ń rí ibi tí èéfín ti jẹ ẹ́, tó ti ṣá bí orúnkún ṣòkòtò arúgbó. Á na ọwọ́, á fa etí rẹ̀ díẹ̀, aṣọ náà á sì mì lẹ́ẹ̀kan láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun, láìdún, láìjí ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe rí i náà ló ṣe kọ ọ́ sínú áàpù. Bí o bá fìka fa aṣọ sí ọwọ́ òsì, àná á padà wá. Bí o bá fà á sí ọ̀tún, ó di òní. Bí o bá tẹ ìka mọ́ òpópónà kan, òpópónà yẹn nìkan á wú sókè bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Nígbà tó wá kan ọ̀rọ̀ àwọ̀, kò tiẹ̀ rò ó. Ta ló ń rò ó kó tó ṣẹ́jú? Afẹ́fẹ́ tó dára, ó fún un ní aró tó jinlẹ̀. Èyí tí kò dára, ó jẹ́ kó ṣá, bó sì ṣe ń burú sí i ló ń ṣá sí i, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun.

Lọ́sẹ̀ tó parí rẹ̀, òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí rọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ó fọ gbogbo ojú ọ̀run. Nígbà tí Ọ̀gá Kíá dé tó bojú wo áàpù náà, ìlú dú minimini láti òkè délẹ̀, kò síbì kankan tó ṣá tí ì bá mú un bèèrè ohunkóhun.

"Háà! Èyí wuyì!" ló wí. "Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àlàyé àwọ̀ ni, mà."

"Ẹ̀n? Mi ò gbọ́."

"Àlàyé àwọ̀, mà."

"Yọ ọ́. Áàpù tó bá ń fẹ́ àlàyé dà bí ẹ̀fẹ̀ tó ń fẹ́ àlàyé. Ta ló máa rẹ́rìn-ín? Yọ ọ́, kíá!"

Wúyẹ́ yọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé fóònù tọ Ìyá Àgbà lọ, ó fa aṣọ padà sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí òjò tó rọ̀, kó lè rí ibi tó dára àtibi tí kò dára. Ìyá Àgbà nu ọwọ́ mọ́ ìdí aṣọ, ó gbé fóònù jìnnà sójú bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe.

"Kí lẹ rí, mà?"

"Aṣọ ni. Ó gba aró dáadáa lápá ibí yìí, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ti rí àyè mí. Ibí yìí ti ṣá pátápátá, ọmọ mi. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá á wúkọ́ délé."

Inú Wúyẹ́ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè, ohun tí kì í sábà ṣe. Ó gbà pé òun ti dán iṣẹ́ òun wò. Kò wá sí i lọ́kàn pé ojú kan náà ni òun àti ìyá àgbà òun jọ fi ń wo ayé.

Ó gòkè lọ bá Tíṣà, ó fi áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ lórí àtẹ̀gùn fò lọ.

"Kí lèyí?" Tíṣà bi í.

"Ọ̀nà ni, sà."

"Ọ̀nà ibo?"

Wúyẹ́ fi àgbọ̀n júwe fèrèsé, lápá ibi tí omi wà. Ó yé Tíṣà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Kò bèèrè bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ṣé ó wá kù kó bi ọmọ bí wọ́n ṣe ń kàwé? Wúyẹ́ náà kò dúró ṣàlàyé. Ojú ń tì í, ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì oòrùn là, ilẹ̀ gbẹ, àwọn ọkọ̀ padà sójú títì. Wúyẹ́ ò tíì pẹ́ ní ọ́fíìsì tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Wúyẹ́! Tíṣà ti jáde o!" Ìyá Àgbà ni.

"Jáde lọ síbo, mà?"

"Etí omi ni. Ó wọ bàtà aláwọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì látọjọ́ yìí, ó dé fìlà. Mo ní kó jẹ́ kí n tì ṣọ́ọ̀bù kí n tẹ̀ lé e, ó ní ọmọ òun ti la ọ̀nà fóun. Ó ń kọrin lọ, o ò rí i bí ọkọ ìyàwó!"

Ọkàn Wúyẹ́ kọ́kọ́ dùn bí oyin. Ó ṣí áàpù, ó fa aṣọ dé òní, kó lè máa fojú bá Tíṣà rìn. Ọ̀nà méjì ló lọ sí etí omi láti ilé wọn. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ọgbà àwọn tó ń gbin òdòdó, ó sì dú, ó jinlẹ̀, ó tutù lójú. Èkejì ni títì ńlá, níbi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà gbígbóná sílẹ̀, tí àwọn lọ́rì tò sí tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fi oògùn bó.

"Ó ní báwo ni ọ̀nà náà ṣe rí, mà?" ló bèèrè, kó lè tún gbọ́ ìyìn náà.

"Ó ní ó funfun bí òwú! Ó ní ọ̀nà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ò rí irú ẹ̀ rí."

Funfun. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú Wúyẹ́ bí òkúta tó bọ́ sínú kànga, ó pẹ́ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó tún wo ojú fóònù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó fi ojú ẹni tí kò gbé ilé aláró rí wò ó, ó sì rí i: ìlú tó dúdú fún èéfín, àti ọ̀nà funfun kan tó là á kọjá, tó mọ́ láú, tó ń pe èèyàn.

Ó pe fóònù Tíṣà. Kò gbé e. Ó dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá Kíá bèèrè.

"Mo ti fi ọ̀nà èéfín han Bàbá Tíṣà, mà! Ó ń rìn nínú ẹ̀ báyìí!"

Ọ̀gá kò tíì gbọ́ ohùn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ibi tí àwọn tó ń da ọ̀dà ti dí ọ̀nà ni Wúyẹ́ ti ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀ tó ń sáré. Èéfín náà gbóná, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Gbogbo nǹkan rí bí inú àlá: àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi aṣọ dímú, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bí òjìji; ọ̀dà tó ń dán nílẹ̀ bí omi. Ó sì rí fìlà kan.

Tíṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ náà ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ti ṣí bọ́tìnnì ọrùn, ìgò oògùn tó ń fín sẹ́nu wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ń jáde níbẹ̀ mọ́. Àyà rẹ̀ ń sáré bí ti ẹyẹ tí wọ́n dì mọ́wọ́. Ó rí Wúyẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, súfèé ló jáde. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan, ó ṣí sílẹ̀, funfun báláú.

Wúyẹ́ àti oníkọ́kọ́rọ́ gbé e láàárín dé inú ọkọ̀. Ọ̀gá Kíá gba ẹ̀yìn ọgbà òdòdó lọ sí ọsíbítù, kò sì sọ "kíá" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Ìyá Àgbà fi máa dé, tòun taró lápá, wọ́n ti fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bo Tíṣà nímú, àyà rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó gbà kó yọ ọ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Mo gba ibi tó funfun," ni Tíṣà wí. "Mo sá fún ibi tó dú."

"Funfun kẹ̀?" Ìyá Àgbà ké. "Ó ṣá ni! Tíṣà, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yìí, ẹ ò mọ aṣọ tó ṣá?"

"Ìyá Aláró, èéfín ni mo pe èyí tó dú. Ṣé èéfín kì í dú ni?"

"Èéfín lè dú bó ṣe fẹ́. Ohun tó bá kàn, ṣé kì í jẹ ẹ́ láwọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," nọ́ọ̀sì wí, "ẹ má bá aláìsàn jiyàn."

"Aláìsàn kọ́ nìyí. Aláìgbọ́ràn ni."

Ẹ̀rín pa Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹkún ti ń gba ojú Wúyẹ́ bọ̀. "Èmi ni mo..." ló wí, kò lè parí ẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," Tíṣà dá a lóhùn. "Wá ibi tí ìṣirò náà ti ṣì. Mi ò kọ́ ọ kó o sunkún kúrò nídìí iṣẹ́."

"Kò le rárá," Ọ̀gá Kíá wí láti ẹnu ọ̀nà. "A máa yí àwọ̀ padà ni. Ká gbé funfun sí ibi tó dára, ká gbé dúdú síbi tó burú. Ó ti parí, kíá."

"Rárá, mà," Wúyẹ́ wí.

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀.

"Bá a bá yí i, Bàbá Tíṣà á mọ̀ ọ́n kà. Ìyá Àgbà á wá rìn wọ inú èéfín. Mélòó nínú àwọn tó wà nílùú ló ń fojú ti Bàbá wò, mélòó ló ń fojú ti Ìyá? A ò mọ̀, mà."

Wúyẹ́ nu ojú. Ìgbà yẹn ló rí i pé láti ìgbà tí òun ti wọ yàrá náà, ibì kan ṣoṣo ni òun ń wò: aṣọ tí wọ́n fi bo àyà Tíṣà. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Lójú títì ó ń yára. Nísinsìnyí ó ti rọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún un rí, kò sì sí àwọ̀ kankan nínú ẹ̀. Ìyá Àgbà ń wo ibẹ̀. Ọ̀gá ń wo ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá náà bojú wò ó.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó tú gbogbo aró inú áàpù náà dànù. Àwọ̀ ilẹ̀ lásán ló kù, bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì pa láró. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ ọ ní mímí. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dára, aṣọ náà ń wú díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àyà ọmọ tó sùn. Níbi tí kò bá dára, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó ṣí gbogbo ìlú sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tó rí i tí ìgboro ń mí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìmí tirẹ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dà bí ìgbà tó bá wọ yàrá tí gbogbo ará ilé sùn sí.

Kò fi han Ìyá Àgbà. Ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́, ẹni tí kì í bá sọ̀rọ̀ ju kíkí òwúrọ̀ lọ, ó na fóònù sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo lẹ máa gbà?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ibí ni mo máa gbà. Tọ̀hún yẹn, àbí wọ́n ń lé e ni?" Àyà tirẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e. "Pa á, pa á, ọmọ yìí, èémí mi ti ń já!"

Ó bi oníkọ́kọ́rọ́ léèrè. Ó bi nọ́ọ̀sì, ó bi obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀, tó kọ́kọ́ rò pé ọjà ló ń tà. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń júwe. Ìgbà náà ló tó fi sórí fóònù Tíṣà, ẹni tó ti kúrò lọ́síbítù padà sílé, tó sì jókòó tì í, tó ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó kù láti ṣàlàyé.

Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọ bàtà, ó gbé fóònù, ó wo bí ọ̀nà ṣe ń mí. "Òní kọ́," ló wí, ó sì bọ́ bàtà. Láàárọ̀ kejì ó tún wò ó. "Òní kọ́." Kò bínú, kò fajúro, bí ẹni tó ń ka ìwé tó dùn tí kò fẹ́ fo ojú ewé ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Wúyẹ́. Ó rò pé bóyá títì yẹn ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Láàárọ̀ mìíràn, Ìyá Àgbà ti ki kóòtù kan bọ inú aró, Wúyẹ́ sì ń bá a di etí rẹ̀ mú kó tó lọ síbi iṣẹ́, ni fóònù rẹ̀ dún. Ó rí orúkọ Tíṣà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó gbẹ gbé e. "Ẹ ǹlẹ́ sà," ló wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìró kan ló ń bọ̀ níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa òkúta lórí. Níbi tó jìnnà, aago ọkọ̀ ojú omi dún lẹ́ẹ̀kan. Wúyẹ́ ṣí ohùn fóònù síta, ó gbé e lé orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Ìyá Àgbà dúró bó ṣe wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú aró. Kò bi í pé kí lèyí.

"Ṣé ó ń mí dáadáa?" ó bèèrè nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kéré.

Wúyẹ́ tẹ etí mọ́ ọn. Ó wá súfèé náà lábẹ́ ìró omi, ó wá a láàárín ìgbì kan sí èkejì. Omi ń lọ, omi ń bọ̀.

"Mi ò gbọ́ fèrè, mà," ló wí. "Omi nìkan ni."